Ojú Tí A Mọ̀ Ni Kẹ̀kẹ́ Fi Ń Rìn

Ẹ̀yin Mọ́gàjí wa, ẹ̀yin àgbààgbà tí ẹ jókòó níwájú, mo júbà kí n tó lanu. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ fi ìsọ̀ sílẹ̀ ní ọjà Bódìjà nítorí ìpàdé yìí, ẹ ṣeun, ọjà yóò tà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ dúró sẹ́yìn torí pé àga kò kárí, ẹ kú ìdúró. Gbogbo wa la ó fi ẹsẹ̀ ayọ̀ délé. (Àwọn èèyàn ní: Àmín.)

Wọ́n ní kí n wá bá yín sọ bí a ṣe ń fi ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ polongo ètò kẹ̀kẹ́ àjùmọ̀lò. Ètò tí ẹ fẹ́ dá sílẹ̀ yìí kò ta kókó. Kẹ̀kẹ́ ológeere díẹ̀, ibùdó mẹ́ta ní Ìbàdàn wa yìí: ọ̀kan ní Àgbowó, ọ̀kan ní Bódìjà, ọ̀kan ní Sáńgo. Ẹni tó bá gbé kẹ̀kẹ́ ní Àgbowó yóò fi í sílẹ̀ ní Bódìjà, ẹlòmíì yóò gùn ún padà. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọn yóò san. Àwọn ọ̀dọ́ tó pè mí ti ṣí ojúewé Facebook àti Instagram, wọ́n fi hàn mí nínú fóònù. Ó rẹwà. Ẹ̀rù sì bà mí.

Ẹ ó ní kí ló ń bà mí lẹ́rù? Mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn ná. Ta ló rántí kẹ̀kẹ́ háyà níbí? (Ọ̀pọ̀ nawọ́.) Ẹ ṣé. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ kò bá a láyé, ẹ fetí sílẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, bàbá kan máa ń jókòó sí orítamẹ́ta àdúgbò wa tòun ti kẹ̀kẹ́ márùn-ún tó fi ti ògiri. Ó ní aago ọwọ́ kan tí okùn rẹ̀ ti já, inú àpò ló ń gbé. O bá sanwó, bàbá á wo aago, á ní kí o bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó di orí kẹ̀kẹ́. Bí o bá pẹ́ kí o tó dé, o ó fi owó kún owó kí o tó rí bàtà rẹ gbà. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni ìyàtọ̀ láàárín èyí àti ohun tí wọ́n ń ṣe ní Paris àti London lónìí? Bàtà ẹsẹ̀ kan ti di owó báńkì, aago inú àpò ti di fóònù. Ìyẹn náà ni.

Bàbá yẹn kò ní pátákó ìpolówó. Kò polówó lórí rédíò. Báwo la ṣe wá mọ̀? A rí ọmọ ilé kejì tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá, tó ń lu agogo rẹ̀ kirin-kirin, ara wa kò gbà á mọ́. Ọmọ tí a jọ ń lọ pọnmi ni. Bí òun bá lè gùn ún, kí ló dé tí èmi kò ní lè gùn ún? Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ títí n ó fi jókòó, inú ìtàn yẹn ló wà. Ojú tí a mọ̀ ni kẹ̀kẹ́ àjùmọ̀lò fi ń rìn. Iṣẹ́ ayélujára kò ju pé kó gbé ojú náà dé ibi tí ẹsẹ̀ kò tètè dé.

Ọ̀rọ̀ kìíní: orúkọ

Ohun tí wọ́n kọ sókè ojúewé tí mo rí ni "Kẹ̀kẹ́ fún gbogbo wa". Mo fi han ìyá kan tó ń ta èlùbọ́. Ó wò ó títí, ó ní, "Ṣé wọ́n tún fẹ́ kó Márúwá wá ni? Ṣé èyí tó wà nílẹ̀ kò tíì tó ni?"

Ẹ gbọ́ ohun tí ìyá sọ? Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́, ológeere ló ní. Lónìí, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti gba orúkọ náà lọ́wọ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Bí ẹ bá kọ "kẹ̀kẹ́" lásán sórí WhatsApp, Márúwá ni àwọn èèyàn yóò rí. Ẹ kọ kẹ̀kẹ́ ológeere. Bí ó bá gùn jù lẹ́nu, ẹ kọ básíkùlù. Kí àwòrán rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà gbogbo.

Bí mo ṣe dárúkọ Márúwá yìí, ta ló fún un lórúkọ? Ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ́ o. Buba Marwa ló ń ṣàkóso ìpínlẹ̀ Èkó láàárín ọdún 1996 sí 1999, ayé rẹ̀ ni ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà jáde, àwọn èèyàn bá fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ní London, nígbà tí kẹ̀kẹ́ àjùmọ̀lò wọn jáde ní ọdún 2010, báńkì Barclays ló sanwó kí orúkọ òun wà lára rẹ̀. Kí ni ará London pè é? Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ Boris, torí pé Boris Johnson ni olórí ìlú nígbà náà. Ní Rio de Janeiro ní Bràsíl, báńkì mìíràn tó ń jẹ́ Itaú ló sanwó tiwọn, wọ́n sì kun kẹ̀kẹ́ ní àwọ̀ ọsàn tirẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ pè é ní laranjinha, ìyẹn ọsàn kékeré.

Nítorí náà, ẹ má náwó lórí orúkọ. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yín sí ìta fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tẹ́tí sí ohun tí àwọn ọmọ tó ń ti ilé ìwé bọ̀ bá ń pè é. Orúkọ tí wọ́n bá fún un, òun ni kí ẹ gbé lọ sórí Facebook. Orúkọ tí àwọn èèyàn sọ fúnra wọn, wọn kì í gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì: ojú

Ibí ni mo fẹ́ pẹ́ sí, ẹ fara balẹ̀ fún mi.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n gbé irú iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́. Mo lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ṣa àwòrán tó dára: àwọn òyìnbó tó dé akoto, oòrùn ń ràn, ọ̀nà tẹ́jú bí ẹní. Mo kọ ọ̀rọ̀ dídùn sí i. Láíkì ń wọlé bí òjò, àwọn èèyàn ń kọ "Ẹ kú iṣẹ́", wọ́n ń kọ "Èyí dára o". Mo ń yọ̀. Ọjọ́ tí a ṣí ibùdó, àwọn tó wá kò kún ọkọ̀ Máíkírà kan.

Mo lọ bá obìnrin kan tí ilé rẹ̀ kò ju ìsọ̀kò lọ sí ibùdó wa. Mo ní, "Ẹ̀yin mà, ṣé ẹ kò rí ìpolówó wa ni?" Ó ní, "Mo rí i. Mo tiẹ̀ láíkì í. Mo rò pé ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń ṣe é ni." Owó àjọdá àwọn èèyàn ni mo fi san owó ìpolówó yẹn. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ẹni tó láíkì kẹ̀kẹ́ kò tíì gun kẹ̀kẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dúró lọ́kàn yín. Kí ló ń dí wọn lọ́wọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ láàárín ara wa. Ìtìjú ni. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ kọjá, ìbéèrè tó wà lójú àwọn tó ń wò ó ni, "Ṣé ó ti wá burú tó báyìí ni?"

Bẹ́ẹ̀ sì ni kò rí bẹ́ẹ̀ látijọ́. Ẹ bi àwọn bàbá tó wà níwájú yìí. Nígbà tí owó kòkó ń wọlé, àgbẹ̀ tó bá ra kẹ̀kẹ́ Raleigh, ẹni ńlá ni. Inú yàrá àlejò ló ń gbé e sí. Á fi òróró nu irin rẹ̀, á sì so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Ọkọ̀ àti alùpùpù ló dé tó gba iyì náà. Iyì tó lọ lè padà, àmọ́ ìwàásù kọ́ ni yóò mú un padà.

Ẹ wò ó, owó epo ti wàásù tán. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti dópin, jálá epo tí kò tó igba náírà ti ju 500 náírà lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sì dúró síbẹ̀. Gbogbo wa ń ṣírò owó ọkọ̀ ká tó jáde nílé. Síbẹ̀, ẹni tó ń ṣírò náà kò gun kẹ̀kẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ìṣirò kì í lé ìtìjú lọ. Ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún ló ń lé e lọ, nígbà tí a bá fojú ara wa rí i lórí kẹ̀kẹ́.

Ohun tí a padà ṣe ní ìlú yẹn rèé. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń ta ẹ̀kọ, gbogbo ọjà ló mọ̀ ọ́n. Ó máa ń gbé ẹ̀kọ lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ láàárọ̀. A bẹ̀ ẹ́ kó gbìyànjú kẹ̀kẹ́ tó ní apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ gba fídíò rẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú kan. Ìyá sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó ṣí ewé, èéfín ẹ̀kọ yọ, ó ní, "Ẹ wò ó, ó ṣì gbóná." Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú fídíò náà nìyẹn. A kò gbé e sórí Instagram. Ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn ọlọ́jà àti ti ìjọ ìyá náà la fi ránṣẹ́ sí. Kí oòrùn tó kanrí, ó ti padà dé orí fóònù tèmi láti ọwọ́ èèyàn mẹ́ta tí n kò fi ránṣẹ́ sí. Ní ọjọ́ kejì, àwọn èèyàn ń wá sí ibùdó, wọ́n ń béèrè kẹ̀kẹ́ ìyá ẹlẹ́kọ. Ẹ ò rí i pé orúkọ ti dé? Lẹ́yìn rẹ̀, lèmọ́mù gùn ún. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì gùn ún. Kò sẹ́ni tó tún bi ẹnikẹ́ni bóyá ó ti burú.

Àwọn ará Philadelphia ní Amẹ́ríkà mọ èyí. Èèyàn dúdú pọ̀ ní ìlú náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé ètò kẹ̀kẹ́ àjùmọ̀lò wọn tó ń jẹ́ Indego jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2015, wọ́n ti rí i ní àwọn ìlú mìíràn pé ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun tó rí jájẹ ló ń gun irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ jù. Kí ni wọ́n ṣe? Láti ọjọ́ kìíní ni wọ́n ti gbé ibùdó sí àdúgbò àwọn tí kò lówó. Wọ́n jẹ́ kí ẹni tí kò ní káàdì báńkì fi owó ọwọ́ san án. Wọ́n sì yan àwọn aṣojú láti inú àdúgbò fúnra wọn, tí wọ́n ń bá aládùúgbò wọn sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń kó wọn jáde lórí kẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá rí ìkéde wọn lórí fóònù, yóò rí ẹnìkan ní orígun òpópónà rẹ̀ tó lè bi léèrè. Bí kò bá sí ẹni yẹn ní orígun òpópónà, òfìfo ni ìkéde.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bójú tó ojúewé yín, ẹ yọ àwòrán òyìnbó tí mo rí níbẹ̀ kúrò lálẹ́ òní; òun ló bà mí lẹ́rù. Ẹ gba fídíò fọkanáísà tó wà ní Sáńgo. Ẹ gba ti màmá aláṣọ òkè, ti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sáré lọ sí kíláàsì aago mẹ́jọ. Ẹ gbà á ní Yorùbá, kí ẹ má sì tún ohùn ẹnikẹ́ni ṣe. Ìyá tó bá pe iṣu ní isu bí Ìbàdàn ṣe ń pè é, ẹ jẹ́ kó pè é bẹ́ẹ̀, kí ará Ìbàdàn tó gbọ́ ọ lè mọ̀ pé ara ilé lòun ń gbọ́. Àmọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí rẹ̀ kí ẹ tó gbé ojú rẹ̀ síta. Kí akoto sì wà lórí ẹni tí ẹ bá gbà, torí ohun tí ẹ bá fi hàn ni àwọn ọmọdé yóò ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀ tí n kò gbọdọ̀ gbé jẹ. Ẹni máa dáṣọ fún ni, tọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Kí n tó wọlé, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo bi àwọn ìgbìmọ̀ léèrè, ta ló gun kẹ̀kẹ́ wá síbí lónìí? Ẹ̀yin náà mọ èsì tí mo gbọ́. (Àwọn èèyàn kùn.) Ẹ má bínú sí mi, mo fẹ́ràn yín ni. Fọ́tò alága yín lórí kẹ̀kẹ́, tí òógùn bo iwájú orí rẹ̀ bó ṣe ń gun òkè, yóò ju ìpolówó tí ẹ sanwó fún lọ.

Ọ̀rọ̀ kẹta: etí

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹnu ni ayélujára. Etí ni jù. Ẹ ó gbé nǹkan síta, ẹnìkan yóò kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Kẹ̀kẹ́ yín kò ní bíréékì." Ọwọ́ ọ̀dọ́ tó ń bójú tó o yóò máa yún un láti pa á rẹ́. Kó má pa á rẹ́ o! Ẹ bi í pé, "Ẹ ṣé, nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ náà mélòó?" Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ náà kúrò lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ ya àwòrán ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe, ẹ fi dá a lóhùn níbi tí gbogbo ayé ti rí i. Ìlú olókè ni Ìbàdàn. Kẹ̀kẹ́ tí kò ní bíréékì lórí ìsọ̀kalẹ̀, ikú ni. Ẹni tó sọ fún yín ti gbà yín là, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba.

Kí ẹ sì kíyè sí ohun tí ẹ ó máa gbé síta nígbà tí wọ́n bá ba kẹ̀kẹ́ jẹ́. Ọjọ́ 15 oṣù keje ọdún 2007 ni ètò kẹ̀kẹ́ àjùmọ̀lò Vélib' bẹ̀rẹ̀ ní Paris, ìlú sì fẹ́ràn rẹ̀. Kí ọdún méjì tó pé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ti jí, wọ́n ju òmíràn sínú odò Seine. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń fi í já àtẹ̀gùn sílẹ̀, wọ́n ń gba fídíò rẹ̀ sórí YouTube. Ọmọ tó bá wò ó nílé, tirẹ̀ ń wù ú láti ṣe. Bí ẹ bá wá ń gbé àwòrán kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fọ́ síta, tí ẹ ń bú èèyàn sábẹ́ rẹ̀, ẹ̀kọ́ lẹ ń kọ́ wọn. Fọkanáísà tó ń lẹ táyà ni kí ẹ fi hàn, ọwọ́ rẹ̀ tó dúdú fún òróró, orúkọ rẹ̀, ìsọ̀ rẹ̀. Èèyàn kì í fẹ́ ba ohun tó mọ ẹni tó ń tún un ṣe jẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó ló tún le jù. Ní ọdún 2014, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì Peking ní Ṣáínà dá ilé iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ àjùmọ̀lò kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Ofo. Ẹ wo bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀: wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ wá sínú àjọ, kó lè máa gun ti gbogbo èèyàn. Àárò ni, ọ̀wẹ̀ ni, ohun tí a mọ̀ ni! Orúkọ náà gan-an, bí ẹ bá kọ ọ́ ní lẹ́tà kékeré, ó jọ èèyàn tó jókòó lórí kẹ̀kẹ́. Ó tàn kálẹ̀, kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ìyeyè kún ìlú. Wọ́n ń gba owó ìdógò lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gùn ún, owó tí wọ́n ní àwọn yóò dá padà. Nígbà tó di oṣù kejìlá ọdún 2018, èèyàn tó ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ ló tò sórí fóònù tí wọ́n ń bèèrè owó wọn. Àwọn mìíràn lọ tò síwájú ọ́fíìsì wọn ní Beijing nínú òtútù. Gbogbo ìyìn tí àwọn èèyàn ti kọ nípa wọn lórí ayélujára, kí ló wúlò fún lọ́jọ́ náà?

Ẹyin lọ̀rọ̀. Bí ẹ bá máa gba owó ìdógò, ẹ máa kọ ọ́ sórí WhatsApp ní alaalẹ́: èèyàn mélòó ló san án lónìí, èèyàn mélòó la dá tiwọn padà fún. Kí ẹnikẹ́ni má bèèrè kí ẹ tó sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé bàtà ẹsẹ̀ kan náà lẹ fẹ́ gbà, ẹ kọ iye bàtà tó wà nílẹ̀! (Ẹ̀rín.)

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù

Mo fẹ́ yára níbí. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà, ó di ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022 kó tó ṣí. Ẹni tó kó gbogbo oníbàárà rẹ̀ síbẹ̀, oṣù méje ló fi dákẹ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021 yẹn kan náà, Facebook, WhatsApp àti Instagram lọ lẹ́ẹ̀kan náà fún bíi wákàtí mẹ́fà. Ẹ ní ìwé kan tí nọ́ńbà fóònù gbogbo èèyàn wà nínú rẹ̀, ìwé gidi, kó wà lọ́wọ́ akọ̀wé.

Dátà wọ́n. Fídíò tó gùn, àwọn ìyá kì í ṣí i. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn, èyí tí wọ́n lè máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣa ẹ̀wà.

Kí ẹ tó gbé ohunkóhun jáde, ẹ lọ rí àwọn ọlọ́pàá àti ìjọba ìbílẹ̀. Ní Amsterdam lọ́dún 1965, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní Provo kun kẹ̀kẹ́ ní funfun, wọ́n fi í sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn láìfi kọ́kọ́rọ́ tì í, wọ́n sì pín ìwé káàkiri láti kéde rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá kó o, torí òfin kò fàyè gba kí kẹ̀kẹ́ wà nígboro láìní kọ́kọ́rọ́. Ìkéde ti dé etí ìlú, kẹ̀kẹ́ ti dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Èyí tó wúlò jù nínú gbogbo ohun tí ẹ lè kọ, kò ní àwòrán, kò ní orin. Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kí ẹni tó wà ní ibùdó kọ ọ́ sí WhatsApp pé: "Kẹ̀kẹ́ mẹ́rin ló wà ní Àgbowó, mẹ́ta ní Sáńgo, Bódìjà kò ní." Lójoojúmọ́. Ẹni tó ń múra lọ síbi iṣẹ́ yóò kà á, yóò sì mọ̀ bóyá kóun gbára lé e. Bí ẹ bá pa á jẹ lọ́jọ́ méjì, yóò padà sínú Máíkírà, kò sì ní sọ fún yín.

Mo ti sọ̀rọ̀ tó, etí ni mo sì ní kí gbogbo wa lò. Bàbá kan ti nawọ́ láti ìgbà tí mo ti dárúkọ Raleigh, àwọn tó wọ fìlà aláwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo rò pé wọ́n ní ọ̀kan rí. Ẹ bá mi gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún bàbá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n gbà kí a gba ohùn wọn sílẹ̀. Bí wọ́n bá gbà, ẹ tan fóònù yín. Bàbá, ẹ máa wí, à ń gbọ́.